Máàkì Kì Í Ṣe Orí-Ò-Jorí

Ìsàlẹ̀ Èkó,
Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Rísíkátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé òtútù Adó-Èkìtì kò mú ọ ju bó ṣe yẹ lọ? Àwa tó wà nílé, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ara wa le, bí a bá yọ ti eékún Ìyáàlé mi kúrò. Eékún yẹn ti ń ráhùn tipẹ́ débi pé a ti fẹ́ máa kà á mọ́ àwọn ará ilé.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á, mo tún un kà, mo wá kà á sí Ìyáàlé mi létí. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní o ti di tíṣà eré ìdárayá ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin, àwa méjèèjì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ayálégbé fi yọjú lójú fèrèsé. Alhamdulillahi. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọpẹ́ ni mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí dú. Ìmọ̀ràn inú rẹ̀, bí ẹni fi ẹja sọ́bẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n apá ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ gbé mi lọ́kàn. O ní ọ̀gá-àgbà yín ní kí o mú ọmọ kan ṣoṣo tí yóò lọ gbá tẹ́bù tẹ́nìsì fún ilé-ẹ̀kọ́. O fún àwọn ọmọ ní máàkì, o rò ó pọ̀, o pín in, ọmọ kan tó ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀ sì ṣe ipò kejì. Bẹ́ẹ̀ ọkàn rẹ ń sọ pé òun gan-an ló yẹ kó lọ. O wá bi mí pé, "Màámi, ṣé ojúsàájú ló ń ṣe mí ni, àbí ìṣirò mi ni kò dáa?"

Àbẹ̀kẹ́, ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun nínú agbo-ilé wa. Ìwọ lo kọ́kọ́ sunkún lórí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi fa àga súnmọ́ tábìlì tí mo ní n ó kọ ọ́ tán pátá lẹ́ẹ̀kan náà. Fara balẹ̀ kà á.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Olówógbowó, nídìí tẹ́bù tẹ́nìsì, símáàṣì nìkan ni mo mọ̀, ìyẹn ká fi gbogbo agbára gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù kì í wá sọ́dọ̀ mi kí n má fọ́ ọ. Àwọn ọmọkùnrin á máa hó, "Àrá ti sán o!" orí mi á sì máa wú. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọlọ́wọ́ òsì, wá bá mi gbá a. Kò fọ́ ohunkóhun. Ó kàn ń dá bọ́ọ̀lù padà ni, pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń dá ọmọ tó ṣáko padà fún ìyá rẹ̀. Mo fọ́ ọ títí bọ́ọ̀lù fi ń lọ sínú gọ́tà, títí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ mi lára. Ó nà mí. Mo délé, mo ní, "Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n gbá!" Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú. Ó ní, "Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n gbá ló nà ọ́ yẹn. Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n, lọ wẹ̀."

Nítorí náà, èkíní ọ̀rọ̀ mi ni pé kí o ṣọ́ra fún ohun tó ń kún ojú. Ohun tí àwọn èèyàn ń hó lé lórí lè má ju kékeré lọ nínú ohun tó ń mú ni borí.

Èyí tó kàn ni mi ò sọ fún ọ rí. Nígbà tí bàbá rẹ jáde láyé, Ọlọ́run ó kẹ́ ẹ, o ṣì kéré jọjọ. Ìyáàlé mi ti bí márùn-ún fún un, Sìkírá sì ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Èmi, ìwọ nìkan ni mo bí. Ilé oníyàrá mẹ́fà yìí ló fi sílẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí jókòó ní pálọ̀, wọ́n ní orí-ò-jorí ni kí wọ́n fi pín in: ọmọ mẹ́fà, yàrá mẹ́fà, kí kálukú mú ọ̀kan. Ta ni yóò jiyàn sí ìyẹn? Ó dún bí òdodo létí. Èmi ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nínú ọkàn mi, torí mo mọ̀ pé bí mo bá ní yàrá kan láàárín márùn-ún, àlejò ni mo dà nílé ọkọ mi.

Ìyáàlé mi ló la ẹnu. Ó ní, "Ìdí-igi ni."

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó bá a wá fà á láṣọ. "Àǹtí, ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ ṣá? Ọmọ márùn-ún lẹ ní o! Ṣé kí ọmọ kan ṣoṣo wá gba ìdajì ilé?"

Ó ní, "Ìyàwó méjì ni Àlàájì fẹ́. Kò fẹ́ ọmọ mẹ́fà. Ẹ fún ìdí kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí àwọn ọmọ ìdí kọ̀ọ̀kan wá pín in láàárín ara wọn."

Báyìí ni yàrá mẹ́ta ṣe kan ìdí tirẹ̀, tí mẹ́ta kan ìdí tèmi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló fún mọ́ra kí ìwọ lè ráyè na ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ohun tí mo lè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yìí, mi ò tíì rí i.

Ó wá di ọ̀rọ̀ tábìlì. O rántí èyí tí Bọ̀dá Làmídì káfíńtà kàn sábẹ́ igi fúrúùtù iwájú ilé, tí a ń to pákó lórí búlọ́ọ̀kù dípò nẹ́ẹ̀tì. Òun ló kọ́ gbogbo yín. Lọ́dún tí wọ́n ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú ọmọbìnrin kan wá sí ìdíje kan ní Onikan, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe adájọ́: Bọ̀dá Làmídì, Tíṣà ará Iléṣà tó ń gbé yàrá iwájú, àti èmi tí wọ́n ní mo ti gbá a rí. Ohun mẹ́fà la fẹ́ fún yín ní máàkì lé lórí: sáàfù tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ eré, símáàṣì, gbígbá pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, yíyí bọ́ọ̀lù bí òòyì, ẹsẹ̀ yíyá, àti ìfọkànbalẹ̀ bí wọ́n bá ń ṣíwájú ẹni. Mẹ́wàá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan kún.

Ọwọ́ rẹ dùn ún wò, ọmọ mi. Mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án lo gbà nínú mẹ́rin àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ rẹ gba méje. Ìfọkànbalẹ̀, méjì. Kí ni ká ti ṣe? Bí wọ́n bá ti ṣíwájú rẹ díẹ̀, ojú rẹ á pọ́n, o ó sọ báàtì mọ́lẹ̀, o ó ní atẹ́gùn ló gbé bọ́ọ̀lù. Sìkírá gba mẹ́fà mẹ́fà nínú mẹ́rin yẹn, ó gba méje nínú ẹsẹ̀, ó gba mẹ́jọ nínú ìfọkànbalẹ̀. Tíṣà rò ó pọ̀. Tìrẹ jẹ́ márùndínláàádọ́ta, tirẹ̀ jẹ́ mọ́kàndínlógójì. Ó fi mẹ́fà pín in: ìwọ ní méje àbọ̀, òun ní mẹ́fà àbọ̀. Èmi ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ti ń ro aṣọ tí o máa wọ̀ lọ sí Onikan.

Bọ̀dá Làmídì họ orí. "Tíṣà, mi ò bá ìṣirò yín jà o. Ṣùgbọ́n ohun tójú mi ń rí lórí tábìlì kọ́ nìyí. Bí gémù bá ti le, Sìkírá ló ń borí."

Tíṣà ní, "Bọ̀dá, nọ́ńbà kì í parọ́ now."

Mo bojú wo ohun mẹ́fà yẹn, àfi bí ẹni pé ẹnìkan gbá mi létí. Sáàfù, símáàṣì, ẹ̀yìn ọwọ́, òòyì: ọmọ ìyá kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Ọwọ́ ni ìyá wọn. Ẹsẹ̀ bí ọ̀kan ṣoṣo. Ọkàn bí ọ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ wá kó mẹ́rin lọ nínú ìpín mẹ́fà nítorí pé ó bímọ púpọ̀, Ọkàn sì jókòó sí ìkángun bí èmi ní pálọ̀ lọ́jọ́sí. Kí n tó lè di ẹnu mi mú, mo ti sọ ọ́ jáde: "Ẹ jọ̀ọ́, ìdí-igi ńkọ́?"

Mo ṣàlàyé. Tíṣà gbá itan. "Ìyá Rísí, ẹ ti sọ ọ́! Ó wà nínú máàtì wa. Bí nǹkan bá wúwo jura lọ, a kì í kàn rò ó pọ̀ gbuurugbu. A ó kọ́kọ́ fún oníkálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀." Ó tún un ṣe lójú wa. Ọwọ́ rẹ, bí a bá pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ká tó pín in, jẹ́ mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀, méje, ọkàn, méjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ méjìdínlógún. Fi mẹ́ta pín in, ó di mẹ́fà. Ti Sìkírá jẹ́ mẹ́fà, méje, mẹ́jọ, mọ́kànlélógún ni. Fi mẹ́ta pín in, ó di méje. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi.

Ṣùgbọ́n Tíṣà, ènìyàn dáadáa ni. Ó ní, "Bí a bá yí i padà lónìí tí a ti rí orúkọ ẹni tó máa borí, mágòmágó ni. Ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí ìwọ̀n, ká sọ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n tún un gbá." Bẹ́ẹ̀ ni Bọ̀dá Làmídì pè yín jọ tó sọ ọ́ ketekete pé ọkàn yóò gba ìpín kan náà pẹ̀lú ọwọ́. O gbọ́. Mo tún bẹ̀ ọ́ nínú yàrá wa, mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, má sọ báàtì mọ́lẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí." O ní, "Màámi, mo ti gbọ́ jàre."

Ìwọ náà mọ bó ṣe lọ. O ń ṣíwájú, Sìkírá lé ọ bá, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kan wá kan etí tábìlì. Bọ̀dá Làmídì ní ó kàn án, Sìkírá ló ni ín. O ní kò kàn án. Báàtì fò, ó ba igi fúrúùtù, ó balẹ̀ sínú gọ́tà. Gbogbo agbo-ilé yíjú sí mi. Méjì náà ni mo tún fún ọ nínú ìfọkànbalẹ̀.

Ojú mi rí nǹkan lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn obìnrin ẹ̀yìnkùlé ń pa á lówe fún mi pé ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn ní yàrá tí Ìyáàlé mi jẹ́ kí n gbà ni mo ń fi ọ́ san. Ìyáàlé mi fúnra rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú ìbínú. "Ta ló ní kí o fi ọmọ rẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?"

Mo ní, "Kì í ṣe ọpẹ́, Ìyáàlé. Bí ẹ ṣe kọ́ mi láti pín nǹkan ni mo ṣe pín in."

Ó jókòó tì mí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Lọ bá ọmọ rẹ. Ó ń sunkún lẹ́yìn ilé."

Mo wá, o kọ ẹ̀yìn sí mi. O bá mi jà fún ìgbà díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o kò bá oúnjẹ mi jà. Sìkírá lọ sí Onikan. Kò gba ife. Wọ́n nà án kó tó dé àṣekágbá, ó sì rẹ́rìn-ín wálé. Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé ìwọ̀n tó dára ń mú ife wá. Ohun tó lè ṣe ni pé kó sọ ẹni tí ọmọ jẹ́ fún ọ, bí ó bá ti ṣe é ṣe tó.

Wàyí o, ohun tí mo tìtorí rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nìyí, tí n kò sì sọ ọ́ rí torí ojú ń tì mí. Lọ́jọ́ kan mo yọjú láti fèrèsé, mo rí ìwọ àti Sìkírá nídìí tábìlì. Mo gbọ́ tí o sọ fún un pé, "Sìkírá, bí a bá ṣe ń gbá a, máa bú mi. Bú mi dáadáa. Kí n lè mọ̀ ọ́n gbà mọ́ra." Ọmọ yẹn náà kò fi ṣeré rárá, ó bú ọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀! O kó ètè jọ, o ń dá bọ́ọ̀lù padà, omi ń bọ́ lójú rẹ, o kò sọ báàtì. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mo sunkún ayọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwọ lo lọ sí Onikan, láìsí àríyànjiyàn. Mo dúpẹ́ pé o kò fi méjì yẹn ṣe orúkọ. Máa rántí èyí fún àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ: ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kan ni máàkì ń sọ. Bí ìwà wọn bá yí padà, fi èyí tuntun wúwo ju ti àtijọ́ lọ.

Ó yá, ká padà sí Fúnmiláyọ̀. Kọ́kọ́ wo ohun tí o fún wọn ní máàkì lé lórí, kí o bi ara rẹ pé àwọn wo ni ọmọ ìyá kan náà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé Ọwọ́ ti bímọ jù lọ́dọ̀ tìrẹ náà. Lẹ́yìn náà, pín ìwọ̀n. Kò pọn dandan kí ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, torí ìka ò dọ́gba. Bó bá jẹ́ pé ẹni méjì méjì ni wọ́n ń gbá a, o lè fún ẹsẹ̀ ní ìlọ́po méjì, kí wọ́n má baà máa kọlu ara wọn bí ewúrẹ́. Ìwọ lo wà níbẹ̀, ìwọ lo mọ ohun tí eré yẹn ń béèrè.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí dáadáa, torí òun ló lè bà ọ́ lórúkọ jẹ́. Má ṣe yí ìwọ̀n padà ní kọ̀rọ̀ nítorí pé o fẹ́ràn ọmọ náà. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ lọkàn rẹ ń sọ, ojúsàájú ni yóò dà bí o bá ṣe é báyẹn. Lọ bá ọ̀gá-àgbà yín, ṣàlàyé fún un. Pe àwọn ọmọ, sọ ìpín nǹkan kọ̀ọ̀kan fún wọn kí wọ́n tó di báàtì mú. Kí wọ́n wá tún un gbá lójú gbogbo èèyàn. Bí Fúnmiláyọ̀ bá borí, ẹ kú oríire. Bí kò bá borí, jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, kódà bó bá dùn ọ́ wọra. Mo mọ bí ó ṣe ń dùn ni tó.

Ìyáàlé mi, tó jókòó tì mí tó ń fi òróró pa eékún, ní kí n má gbàgbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin. Ó gbọ́ pé tíṣà kan ń sin ọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní kí ló pa ìyẹn pọ̀ mọ́ tẹ́bù tẹ́nìsì? Ó ní, "Kọ ọ́ bí mo ṣe wí." Ó ní bó bá ní bàtà tó ń dán, tó ń sọ òyìnbó, tó de táì, tó ní rédíò kásẹ́ẹ̀tì, kí o má ṣe ka ìyẹn sí ohun mẹ́rin. Ó ní ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, Fáàrí ni ìyá wọn ń jẹ́, ìpín kan ṣoṣo ni kí o fún un. Kí o wá wò ó bóyá Àánú bí ọmọ kankan nínú ilé náà. Èmi ò ní ohun tí mo fẹ́ fi kún un.

Jẹun dáadáa o. Má jẹ́ kí àwọn ọmọ pàdánù ìrun wọn nítorí eré. Sìkírá kí ọ. Ó ní tí o bá wálé, òun ṣì mọ èébú.

Àbẹ̀kẹ́, bí o bá ń fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní máàkì, tí ó wá ṣe ọ́ bíi kí o mọ iye tí èmi ìyá rẹ fún ọ, má ṣèyọnu. N kò ní ohun tí mo fẹ́ rò pọ̀, n kò sì ní ẹni tí mo fẹ́ pín in fún. Ìwọ nìkan ni ọmọ tó wà ní ìdí tèmi. Odindi ni ìpín rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń dúpẹ́,
Ìyá Rísí.